Omi inú orí ọmọ tí a bí pẹ̀lú spina bifida: èwo ni ká yàn nínú shunt, ETV àti ETV pẹ̀lú CPC?

Bí wọ́n bá rán ẹ̀yìn ọmọ tí a bí pẹ̀lú spina bifida (àbùkù ìbí tí egungun ẹ̀yìn kò padé) tán, tí ojú ọgbẹ́ sì ń jiná, ọ̀pọ̀ òbí a máa rò pé ibi tó le jù ti kọjá. Kò ní pẹ́ tí orí ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, àwùjẹ̀ á le, iṣan orí á yọ síta. Dókítà á ní omi ti ń kún inú ọpọlọ, iṣẹ́ abẹ mìíràn ti délẹ̀. Ẹnì kan á dárúkọ shunt, ìyẹn rọ́bà tó ń fa omi láti orí sí ikùn, ẹlòmíràn á dárúkọ ETV, ìyẹn ihò tí wọ́n ń lu sínú ọpọlọ kí omi lè rí ọ̀nà, ẹnì kẹta á ní kí wọ́n máa gbé ọmọ lọ sí Ìbàdàn. Ẹbí á pé jọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kálukú pẹ̀lú ìmọ̀ràn tirẹ̀, títí kan ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bi.

Òbí tó wà ní irú ipò yẹn l'Ékìtì ni mo kọ èyí fún. Kò lè rọ́pò ohun tí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ bá rí lára ọmọ yín, àmọ́ ẹ ó mọ ohun tó yẹ kí ẹ bi í kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti wá. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọpọlọ gbogbo èèyàn, omi tó mọ́ gaara sì ń sun níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Omi yìí ń ṣàn yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká, ẹ̀jẹ̀ sì ń fà á mu. Lára ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ yọ síta, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní myelomeningocele, ìsàlẹ̀ ọpọlọ sábà máa ń sọ̀ wọ inú ọrùn. Chiari II lorúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà omi ti ń há. Nígbà tí ẹ̀yìn ṣì ṣí sílẹ̀, omi lè máa jò gba ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti rán an pa, inú orí ló kù tí yóò kún. Ìdí nìyẹn tí orí fi ń tóbi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn. Oníṣẹ́ abẹ kọ́ ló ba nǹkan jẹ́, ọwọ́ ayé kọ́ sì ni.

Ohun tí ẹ ó fi wọ̀n wọ́n

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí yóò ṣe é. Kò sí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi shunt sí orí. ETV ń fẹ́ kámẹ́rà tín-ínrín tó ń wọ inú ọpọlọ. CPC, ìyẹn fífi iná jó ẹran tó ń sun omi nínú ọpọlọ, ń fẹ́ èyí tó lè tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, pẹ̀lú ọwọ́ tó ti ṣe é léraléra. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjọ́ orí ọmọ, àti bí inú ọpọlọ rẹ̀ ṣe rí lórí MRI tàbí CT, àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí. Ẹ wo ẹ̀yìn náà pẹ̀lú: ṣé ó ti jiná, ṣé kò jò, ṣé kòkòrò àrùn kò sí níbẹ̀?

Ní ti owó, ẹ má ṣírò ti iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ fi ti scan kún un, ti bẹ́ẹ̀dì, ti mọ́tò lọ-bọ̀, ti ọjọ́ tí ìyá ọmọ kò ní lè dé ọjà tàbí oko, àti ti iṣẹ́ abẹ kejì tó bá wáyé. Bí ẹ bá wà lórí ètò ìlera adójútòfò ìpínlẹ̀ Èkìtì tàbí ti ìjọba àpapọ̀, ẹ lọ bèèrè ohun tí wọ́n ń san àti ohun tí wọn kì í san, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀ tí rọ́bà shunt fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí òbí kì í sábà bèèrè, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù: lọ́jọ́ tí iṣẹ́ abẹ yìí bá bàjẹ́, níbo lẹ ó wà? Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí kò lè bàjẹ́. Ẹni tó ń gbé Adó kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹni tó wà ní Ọ̀mùò lẹ́bàá ààlà Kogí, tàbí ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè láàárín òkè, tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì ní agogo méjì òru, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀. Ìdíwọ́ kan tún wà tó burú ju ọ̀nà jíjìn lọ. Nílùú wa, bí ọmọ bá ń bì tí ara rẹ̀ sì gbóná, ibà ni ọkàn gbogbo èèyàn ń kọ́kọ́ lọ sí. Wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́ ibà, wọ́n á ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́ kẹta. Ọmọ tí omi tún ti ń há mọ́ lórí kò lè dúró di ọjọ́ kẹta.

Kí ẹ tó gbéra lọ síbikíbi, ẹ pè wọ́n. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, EKSUTH àti ilé ìwòsàn ABUAD wà ní Adó. Lẹ́yìn odi ìpínlẹ̀, OAUTHC wà ní Ilé-Ifẹ̀, UITH ní Ìlọrin, UCH ní Ìbàdàn, níbi tí Látúndé Odeku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ lọ́dún 1962. Orúkọ ilé ìwòsàn nìkan kò tó. Ẹ bi wọ́n pé oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ wo ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ṣé kámẹ́rà ETV wọn ń ṣiṣẹ́, àti pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan mélòó ni wọ́n ti ṣe é fún.

Kí ẹ dúró, kí ẹ máa wọn orí

Kì í ṣe gbogbo omi tó bá hàn nínú scan ló ń fẹ́ ọ̀bẹ. Bí yàrá ọpọlọ bá tóbi díẹ̀, àmọ́ tí àwùjẹ̀ rọ̀, tí ọmọ ń mu ọmú dáadáa, tí orí rẹ̀ sì ń dàgbà bó ṣe yẹ, wọ́n lè ní kí ẹ ṣì máa wò ó. Èyí ló dínwó jù: téèpù télọ̀ àti ìwé kan ti tó. Ẹ gbé téèpù gba òkè ìpéǹpéjú, kó yí ibi tó yọ jù lẹ́yìn orí ká. Ẹnì kan náà ni kó máa wọ̀n ọ́n, lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Orí ọmọ tó pé oṣù kó tó wáyé sábà máa ń tó nǹkan bíi 35 sẹ̀ǹtímítà. Nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ń fi nǹkan bíi 2 sẹ̀ǹtímítà pọ̀ sí i lóṣù, lẹ́yìn náà ó ń fi nǹkan bíi 1 pọ̀ sí i títí di oṣù kẹfà. Bó bá fi ju 1 sẹ̀ǹtímítà lọ lọ́sẹ̀ kan, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan. Lẹ́yìn ti ọjọ́ ìbí, ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà kí ọmọ tó padà lọ, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ìkẹrìnlá. Láàárín ìbí sí ọ̀sẹ̀ kẹfà yẹn gan-an ni omi sábà ń kún.

Bí àwùjẹ̀ bá ṣì ṣí, scan irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún aboyún lè fi bí yàrá ọpọlọ ṣe tóbi tó hàn láti ojú àwùjẹ̀. Ó dínwó ju CT lọ, kò sì ní ìtànṣán tó lè pa ọmọ lára. CT tàbí MRI á di dandan bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ETV.

Ẹbí tí kò lè padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò gbọdọ̀ yan ọ̀nà yìí. Bákan náà ni ọmọ tí mímí rẹ̀ ń han, tí ọmú ń há lọ́fun, tàbí tí ojú rẹ̀ ń wo ìsàlẹ̀ ṣáá. Ilé ìwòsàn lónìí ni tiwọn.

Fífa omi fún ìgbà díẹ̀

Bí ẹ̀yìn bá ń jò tàbí tí kòkòrò wà níbẹ̀, oníṣẹ́ abẹ tó gbọ́n kò ní fi shunt sí i, torí kòkòrò náà á gun rọ́bà. Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fa omi láti ojú àwùjẹ̀, tàbí kí wọ́n tẹ́ ike kékeré kan sábẹ́ awọ orí kí wọ́n lè máa fà á níbẹ̀, tàbí kí wọ́n fa rọ́bà síta sínú àpò nígbà tí ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Títí ẹ̀yìn yóò fi mọ́ ni. Ẹni tó bá ní òun á máa fi abẹ́rẹ́ fà á lóṣooṣù dípò iṣẹ́ abẹ, ẹ má gbà fún un, nítorí gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá wọlé ni kòkòrò lè bá a wọlé. Ẹni tó fẹ́ sín gbẹ́rẹ́ sí àwùjẹ̀ ọmọ, ẹ má gbà fún òun náà, ì báà jẹ́ ìyá àgbà.

Shunt

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Orí rẹ̀ kan wà nínú yàrá ọpọlọ, ó gba abẹ́ awọ lẹ́yìn etí kọjá sí ọrùn àti àyà, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ikùn, níbi tí ara ti ń fa omi náà mu. Fáàfù kan wà lójú ọ̀nà tó ń díwọ̀n bí omi ṣe ń sọ̀. Wọ́n máa ń fi rọ́bà tó gùn sílẹ̀ nínú ikùn kí ó lè bá ọmọ dàgbà.

Ìwúlò rẹ̀ kò farasin. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi sí i ni omi á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, àwùjẹ̀ á rọ̀, yàrá ọpọlọ á sì máa kéré sí i. Ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì lè gbà á. Bí inú ọpọlọ bá tilẹ̀ rí jágbajàgba, kò dí i lọ́wọ́. Ibi tí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ bá ti wà, wọ́n lè ṣe é.

Ní ti owó rẹ̀, mo fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ lórí ohun kan. Shunt tó ń jẹ́ Chhabra, tí wọ́n ń ṣe ní Íńdíà, dínwó gan-an sí àwọn tó ń wá láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní Uganda, wọ́n fi í wé Codman tó wọ́n jù ú lọ lára àwọn ọmọdé, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ láàárín ọdún kan. Bí wọ́n bá ní Chhabra ló wà nílẹ̀, ẹ má rò pé ojú tálákà ni wọ́n fi wò yín. Bí ẹ bá lówó díẹ̀ sí i, rọ́bà tí wọ́n rẹ sínú oògùn apakòkòrò ni kí ẹ ná an sí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Bìrìtìkó àti Ireland, tó jáde lọ́dún 2019, fi hàn pé àwọn tí kòkòrò ba shunt wọn jẹ́ dín kù láti 6 nínú 100 sí 2. Fáàfù tí wọ́n ń fi mágnẹ́ẹ̀tì yí láti ìta dára níbi tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Àmọ́ MRI lè yí i padà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀. Ní tèmi, n kò ní ná owó sí i fún ọmọ tó ń gbé Ìkọ̀lé.

Ní ti àbùkù rẹ̀, nínú 100 ọmọdé tí wọ́n fi shunt sí lórí, nǹkan bí 30 sí 40 ni tiwọn á dí tàbí bàjẹ́ láàárín ọdún kan. Bó bá fi di ọdún méjì, ó ti ń sún mọ́ ìdajì. Ẹran ara lè dí i, ó lè já, ọmọ lè ga ju rọ́bà lọ, kòkòrò sì lè wọ̀ ọ́, pàápàá láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Àtúnṣe kọ̀ọ̀kan ni owó mìíràn àti oorun iṣẹ́ abẹ mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ni yóò gbára lé rọ́bà náà títí ayé.

Nínú ilé, ìyá àgbà tó bá ń wẹ ọmọ kò gbọdọ̀ tẹ ibi tí fáàfù wà, kò sì gbọdọ̀ fi omi gbígbóná jó orí ọmọ kí ó lè rí rogodo. Ẹ má jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn títí ojú ọgbẹ́ á fi jiná, ẹ sì bi dókítà ìgbà tí ẹ lè pọ̀n ọ́n. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn káàdì rẹ̀ pé ó ní shunt. Bó bá ń bì, tó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, tí àwùjẹ̀ le, tó ní gìrì, tàbí tí ojú ọ̀nà rọ́bà wú tàbí pọ́n, ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni kí ẹ dorí kọ. Wọ́n lè yẹ ibà wò níbẹ̀ pẹ̀lú.

ETV nìkan

Oníṣẹ́ abẹ á ti kámẹ́rà gba àwùjẹ̀, á sì lu ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ yàrá kẹta ọpọlọ, bí ìgbà tí èèyàn la ojú àgbàrá tuntun fún omi nítorí gọ́tà ti dí. Kò fi rọ́bà kankan sílẹ̀ lára ọmọ.

Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ọjọ́ orí kò gbè é fún ọmọ ọwọ́. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń fojú díwọ̀n bóyá ETV á dúró fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n ń fún ọjọ́ orí ní máàkì: òdo fún ẹni tí kò tíì pé oṣù kan, 10 fún oṣù kan sí mẹ́fà, 30 fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ohun tó fa omi náà ní máàkì tirẹ̀, ti spina bifida jẹ́ 20. Bí ọmọ kò bá tíì ní shunt rí, ó gba 10 sí i. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní 30 nínú 100, ọmọ oṣù mẹ́ta ní 40, ọmọ oṣù méje ní 60. Ọmọ tí a bí pẹ̀lú spina bifida sábà máa ń nílò iṣẹ́ yìí ní oṣù àkọ́kọ́ tàbí ìkejì. Fún un, n kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọdọ̀ yan ETV lásán, àfi bó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà.

ETV pẹ̀lú CPC

Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni èyí ti gbilẹ̀. Ní ilé ìwòsàn CURE tó wà ní Mbale, Uganda, Benjamin Warf, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí òun fi shunt sí lórí ń padà sí abúlé tí ẹnikẹ́ni kò ti lè tún un ṣe. Ó lu ihò ETV, ó sì tún fi iná jó ẹran tó ń sun omi nínú yàrá ọpọlọ méjèèjì tó tóbi jù, kí omi tí ń sun lè dín kù. Nínú àbájáde tó gbé jáde lọ́dún 2005, lára àwọn ọmọ spina bifida tí kò tíì pé ọdún kan, ETV nìkan ṣiṣẹ́ fún 35 nínú 100, ETV pẹ̀lú CPC ṣiṣẹ́ fún 76.

Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré, ìdí tó sì fi bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ìṣòro tiwa. Ọmọ tó bá yege kò ní rọ́bà tí yóò dí lóru. Bí kò bá ṣiṣẹ́, inú oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ló sábà máa ń hàn, wọ́n sì ṣì lè fi shunt sí i. Èyí rọrùn fún ẹbí láti ṣètò: ẹ lè fojú sí oṣù mẹ́fà, kí ẹ ya ilé tàbí kí ẹ dúró lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ní Adó.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín bí iṣẹ́ ìyanu. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ló ń mú iye yẹn jáde; ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò lè rí irú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn nínú ọpọlọ, omi sì lè jò láti ojú ọgbẹ́. Ìwádìí Uganda mìíràn, tó jáde lọ́dún 2017, fi shunt àti ETV pẹ̀lú CPC wé ara wọn lára 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ní oṣù kejìlá, òye àwọn ọmọ ìhà méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Kòkòrò àrùn ló fa omi àwọn ọmọ yẹn, kì í ṣe spina bifida, síbẹ̀ ó jẹ́ èsì fún ẹni tó ń bẹ̀rù pé ọmọ tí kò gba shunt á gọ̀.

Ohun kan tún ń dẹ́rù ba òbí lẹ́yìn rẹ̀. Yàrá ọpọlọ kì í sábà kéré tó bí ti ọmọ tó gba shunt. Scan oṣù kẹta á ṣì fi omi hàn, ẹnì kan nínú ẹbí á sì ní wọ́n ti jẹ owó yín. Àwùjẹ̀ ni kí ẹ wò, kí ẹ wo téèpù, kí ẹ wo bí ọmọ ṣe ń ṣeré. Ihò náà lè padà dí lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, àmọ́ bó bá ṣẹlẹ̀, kíákíá ló ń le, torí àwùjẹ̀ ti padé, kò sí ibi tí orí á gbòòrò sí mọ́. Ẹ máa sọ ìtàn iṣẹ́ abẹ náà fún gbogbo olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tó bá ń tọ́jú rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ nígbà tí ọmọ wà nínú oyún

Ẹ ó kà nípa rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2011, fi hàn pé bí wọ́n bá rán ẹ̀yìn kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 26, ọmọ 40 nínú 100 ló gba shunt kí wọ́n tó pé ọdún kan, nígbà tó jẹ́ 82 lára àwọn tí wọ́n rán ẹ̀yìn wọn lẹ́yìn ìbí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí ṣáájú oṣù. Bí ọmọ bá ti wà lọ́wọ́ yín, èyí ti kọjá.

Ta ni kó yan èwo?

Bí ẹ̀yìn bá ń jò tàbí tó ní kòkòrò, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà lórí shunt tàbí ETV. Fífa omi fún ìgbà díẹ̀ ni, kí ẹ̀yìn kọ́kọ́ mọ́. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ sọ fún wọn pé spina bifida ni, kí wọ́n lo ìbọ̀wọ́ tí kò ní latex (irú rọ́bà kan tí wọ́n fi ń ṣe ìbọ̀wọ́), nítorí ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá ń gbé Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìdó tàbí ìtòsí, tí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ tí ẹ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lóru sì wà, shunt jẹ́ àṣàyàn tó dára. N kò ní sọ pé kí ẹ gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá ìpínlẹ̀ mẹ́ta nítorí CPC, bí ẹni tó mọ shunt ṣe dáadáa bá wà nítòsí.

Bí oko tàbí abúlé ni ẹ ń gbé, tí mọ́tò kì í kọjá lóru, tí ọmọ kò sì tíì pé ọdún kan, ETV pẹ̀lú CPC ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ bèèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá kí ẹ tó gba shunt, torí ọmọ tí kò tíì ní shunt rí ni ETV ṣiṣẹ́ fún jù. Bí ọmọ bá ti lé ní oṣù mẹ́fà, tí MRI sì fi hàn pé àyè wà lábẹ́ yàrá kẹta, a lè gbìyànjú ETV nìkan níbi tí kò bá sí ẹni tó mọ CPC.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ẹni tó mọ CPC kò ní sí nílé fún oṣù méjì, tí téèpù sì ń fi 1 sẹ̀ǹtímítà kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi shunt sí i lọ́sẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹni tí ẹ ó pè lóru, ẹ bi awakọ̀ kan ní àdúgbò bóyá ó lè gbé yín nígbàkigbà, kí ẹ sì fi owó mọ́tò lílọ pamọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ra nǹkan mìíràn.